Ẹfun Lórí Òrùlé, Igi Lẹ́bàá Títì

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2010, oòrùn mú ní Ahmedabad, ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, débi pé ooru ìlú náà gòkè dé dígírì 46.8. Kí oṣù ọ̀hún tó parí, àwọn tó kú níbẹ̀ fi 1,344 lé ní iye tí wọ́n máa ń rí nínú irú oṣù bẹ́ẹ̀.

Ahmedabad kò káwọ́ gbera. Ní 2013, wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ tí yóò máa ta ará ìlú lólobó kí ooru tó dé. Nígbà tó di 2017, wọ́n gbé búrọ́ọ̀ṣì àti ike ẹfun gun òrùlé àwọn mẹ̀kúnnù, wọ́n sì kun nǹkan bí 3,000 ilé ní funfun.

Ẹni tó bá ti gbé abẹ́ páànù tí kò ní àjà rí yóò mọ ìdí rẹ̀. Bí aago méjì ọ̀sán bá lù, páànù á máa ró tá-tá-tá, omi inú ike á lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọmọ tó sùn á làágùn títí ẹní á fi rin. Páànù tó ti dípẹtà ń gba oòrùn mu, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dà títì. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí igbó ti tutù, ògiri ìgboro ṣì ń tú ooru tó jẹ lọ́sàn-án jáde. Ẹfun tuntun máa ń dá nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún oòrùn padà sójú ọ̀run. Eruku ni ọ̀tá rẹ̀. Bó bá ti dọ̀tí, àfi kí wọ́n tún un kun.

Ṣùgbọ́n funfun kò bá ibi gbogbo mu. Ní 2020, ìlú Phoenix ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bo títì. Títì tutù lóòótọ́, àmọ́ àwọn onímọ̀ rí i pé lọ́sàn-án gangan, ooru tó ń kan ẹni tó dúró lórí rẹ̀ pọ̀ sí i. Oòrùn tí títì kọ̀, ara ènìyàn ló bà lé.

Igi ló yẹ ojú títì. Ó ń ṣíji boni, ó sì ń làágùn: gbòǹgbò ń fa omi, ewé ń tú u sílẹ̀ bí oruku, ooru sì ń bá a lọ. Láti 2016 ni Medellín, ní Kòlóḿbíà, ti ń gbin igi àti òdòdó sí ẹ̀bá títì àti odò kéékèèké, ọgbọ̀n ọ̀nà lápapọ̀, ooru ibẹ̀ sì fi nǹkan bíi dígírì méjì dín kù.

Àwọn tó gbin odán síwájú ààfin àti sáàárín ọjà nílẹ̀ Yorùbá mọ èyí tipẹ́. Lónìí, ṣọ́ọ̀bù ti gba ìdí odán ní ọ̀pọ̀ ọjà. Oníata wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ọlọ́dà lábẹ́ agbòjò ńlá, ó ń sún àpótí rẹ̀ tẹ̀lé òjìji bí oòrùn ṣe ń yí.