Àgàn àti Akúra: Ẹ̀tọ́ Obìnrin Nínú Ìtàn Àròsọ Nàìjíríà

Nínú ìtàn àròsọ tí àwọn obìnrin Nàìjíríà fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, ìjà fún ìdọ́gba akọ àti abo, ìyẹn ni pé kí obìnrin ní àṣẹ lórí ayé ara rẹ̀ bí ọkùnrin ṣe ní in, kì í sábà wáyé ní kóòtù tàbí nínú òṣèlú. Inú ilé ọkọ ni wọ́n ti ń jà á, níbi tí ìyá ọkọ ti ń ka oṣù, tí ẹbí sì ń bèèrè ohun tí ó ń dá oyún dúró.

Flora Nwapa, ọmọ Ògúta, ni ó la ọ̀nà náà nígbà tí ilé-iṣẹ́ Heinemann tẹ ìwé rẹ̀, Efuru, jáde ní 1966. Efuru lẹ́wà, ó sì mọ òwò ṣe, àmọ́ ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí kú, ìgbéyàwó rẹ̀ méjèèjì sì tú ká. Nwapa kò jẹ́ kí ó parí sí ẹkún: ó sọ ọ́ di olùsìn Uhamiri, òrìṣà obìnrin inú adágún, tí òun náà lówó, tí ó lẹ́wà, tí kò sì bímọ. Ìparí ìwé yìí ni Buchi Emecheta ti mú orúkọ ìwé tirẹ̀, The Joys of Motherhood, ní 1979, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ kíkorò ni ó fi ayọ̀ abiyamọ náà ṣe. Nnu Ego, obìnrin tí ìwé náà dá lé, tí àìlóyún lé kúrò nílé ọkọ àkọ́kọ́, bí ọmọ rẹpẹtẹ fún Nnaife, ọkọ rẹ̀ kejì, ní Èkó, ó fi ọjà títà tọ́ wọn, àwọn ọmọkùnrin méjì tí ó gbójú lé sì lọ sí Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni ó kú sí, láìsí ọmọ kankan lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n wá kọ́ ojúbọ fún un kí àwọn tó ń wá ọmọ lè máa tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì dá wọn lóhùn. Ó ṣòro láti rí àsọyé lórí ẹ̀tọ́ obìnrin tí ó le tó dídákẹ́ yẹn.

Àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá tí ó dé lẹ́yìn wọn wá bèèrè pé, bí ọmọ kò bá sí, ara ta ni kí a yẹ̀ wò? Nínú The Secret Lives of Baba Segi's Wives (2010), tí Lola Shoneyin fi Ìbàdàn ṣe ibùdó rẹ̀, Bọ́láńlé, ìyàwó kẹrin Bàbá Ṣẹ́gi, tí ó kàwé ní yunifásítì, kò lóyún, ọ̀rọ̀ sì dé ọsibítù, àṣé Bàbá Ṣẹ́gi gan-an ni kò lè bímọ, tí àwọn ìyálé ti gba ẹ̀yìn bímọ sílé rẹ̀. Òǹkàwé a máa rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ilé tí obìnrin kò ti níyì àfi tí ó bá gbọ́mọ pọ̀n ni ó kọ́ àwọn ìyálé náà ní àgálámàṣà yẹn.

Ní Iléṣà ní àwọn ọdún 1980, nínú Stay With Me (2017) tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ kọ, Yéjídé onísàlúùnù gun òkè lọ gbàdúrà, ó gbé oyún tí kò sí kiri, wọ́n sì fẹ́ Fúnmi lé e lórí, nígbà tí Akin ọkọ rẹ̀ mọ̀ pé akúra ni òun, ìyẹn ọkùnrin tí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ kò lágbára. Òǹkọ̀wé náà jẹ́ kí Akin fi ẹnu ara rẹ̀ rojọ́ nínú àwọn orí kan, ìtìjú ọkùnrin tí kò gbọdọ̀ jẹ́wọ́ sì hàn gbangba níbẹ̀, síbẹ̀ ara Yéjídé ni ìwòsàn tí kò wúlò ń dé bá.