Ṣé ẹjọ́ ń tẹ̀síwájú, àbí wọ́n kàn ń sún un síwájú?

Bí ẹ bá ń ka ìròyìn Yorùbá lórí fóònù, ẹ ó ti pàdé ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ti lò gbó: "tẹ̀síwájú". Ìgbẹ́jọ́ ń tẹ̀síwájú. Ìyanṣẹ́lódì ń tẹ̀síwájú. Àìsí iná ń tẹ̀síwájú. Ẹ gbọ́ ná, báwo ni àìsí iná ṣe ń tẹ̀ síwájú? Ṣé ó lẹ́sẹ̀ ni?

Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ní fún nǹkan tí kò tíì parí pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi àwọn ìyá amọ̀kòkò Ìpetumodù ṣe àpẹẹrẹ, torí ìlú yẹn gbajúmọ̀ fún ìkòkò mímọ. Nígbà tí màmá bá jókòó ti amọ̀, iṣẹ́ "ń lọ lọ́wọ́": ọwọ́ wà lẹ́nu ẹ̀. Bó bá gbé ìkòkò kalẹ̀ kó gbẹ, tó gba ọjà lọ, ọwọ́ ti kúrò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ "ṣì wà nílẹ̀", torí wọn kì í gbé ìkòkò tútù sínú iná. Bó bá padà dé tó tún dáwọ́ lé e, ó "ń bá a lọ" nìyẹn.

"Tẹ̀síwájú" yàtọ̀ ní tiẹ̀. Nǹkan gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó wà lánàá: amọ̀ di ìkòkò tútù, ìkòkò gbẹ, ìkòkò gbígbẹ wọ iná. Bí ìkòkò tútù bá wà lójú kan fún oṣù mẹ́fà, kò tẹ̀síwájú. Ó kàn wà níbẹ̀ ni.

Ìlú yìí kan náà ló fi ẹjọ́ tó tẹ̀síwájú hàn wá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ọba Joseph Olóyèdé, Apetumodù, gbà níwájú ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní ìpínlẹ̀ Ohio pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn jìbìtì owó ìrànwọ́ Kòrónà. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, adájọ́ rán an lẹ́wọ̀n oṣù 56. Lóòótọ́, ẹjọ́ ẹni tó bá gbà pé òun jẹ̀bi máa ń yá. Síbẹ̀, ẹ̀sùn di ìdájọ́, gbogbo wa la sì rí i.

Nílé wa ńkọ́? Níbí ni "sún síwájú" ti wọlé. "Síwájú" wà nínú méjèèjì, àmọ́ ẹni tó tẹ̀ síwájú fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn. Ohun tí wọ́n sún, ẹlòmíì ló tì í. Bí adájọ́ bá sún ẹjọ́ síwájú, ọjọ́ ló lọ síwájú; ẹjọ́ dúró.

Òfin ACJA ọdún 2015, tó de àwọn ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, mọ ìyàtọ̀ yìí. Abala 396 ní kí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn máa wáyé lójoojúmọ́. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, olùpẹjọ́ tàbí olùjẹ́jọ́ ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ju sísún síwájú ẹ̀ẹ̀màrún-ún lọ, àlàfo kọ̀ọ̀kan ò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ iṣẹ́ 14 lọ. Ẹ bi lọ́yà tó bá wà nítòsí yín bóyá bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ká lára jù ni ẹni tó wà látìmọ́lé tí wọn ò tíì dá lẹ́jọ́. Nínú ìròyìn, ẹjọ́ ẹ̀ "ń tẹ̀síwájú". Lójú tiẹ̀, ó ń falẹ̀, ó ń wọ́ nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ bo àwọn tó ń fi nǹkan falẹ̀ láṣìírí. Èkejì ló ń jẹ́ ká bèèrè pé ta ló ń fà á.

Torí náà, ẹ̀yin akọ̀ròyìn àti gbogbo àwa tá à ń kọ nǹkan sórí Facebook, ẹ jẹ́ ká máa yan ọ̀rọ̀. Bí ìjọba bá ní iṣẹ́ ọ̀nà ń lọ lọ́wọ́, ẹ bèèrè ọwọ́ ta ni. Bí wọ́n bá ní ẹjọ́ ń tẹ̀síwájú, ẹ bèèrè ibi tó wà lánàá àti ibi tó dé lónìí. Bí wọn ò bá rí èsì fọ̀, ẹ pè é lórúkọ tó ń jẹ́: wọ́n ń sún un síwájú ni.