Síkì tó fẹ̀ níbàdí: ohun tó ń fúnni àti ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni

Orílẹ̀-èdè Benin, ilẹ̀ àwọn ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ tó bá wa pààlà, ti ní ẹni tó ń gun síkì ní Òlíńpíìkì. Nathan Tchibozo ló ṣojú wọn nínú ìdíje ìgbà òtútù tó wáyé ní Milan àti Cortina, nílẹ̀ Ítálì, lóṣù Kejì ọdún 2026, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí Benin yóò kópa nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀. Samuel Ikpefan, tó ti ṣojú Nàìjíríà ní Beijing lọ́dún 2022, náà tún wà níbẹ̀. Ìròyìn yẹn ti tàn kálẹ̀, kò nílò àtúnsọ. Ohun tó jọ pé àwọn tó wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n l'Apẹtẹ, n'Ìbàdàn, kò fi bẹ́ẹ̀ bi ara wọn ni ìdí tí pákó ẹsẹ̀ Ikpefan fi tóóró bẹ́ẹ̀ yẹn, tí ti Tchibozo sì fẹ̀ jù ú lọ, tí èyí tí àbúrò ẹni tó wà ní Calgary ń gbé sórí WhatsApp tún wá fẹ̀ ju ti àwọn méjèèjì lọ.

Síkì kì í ṣe pákó gbọọrọ lásán. Imú rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ náà fẹ̀, àmọ́ àárín rẹ̀, níbi tí bàtà ń dúró lé, tẹ̀ wọlé. Ibẹ̀ ni ìbàdí rẹ̀. Iye mìlímítà ìbàdí yìí ni ẹni tó mọ̀ ọ́n rà kọ́kọ́ máa ń bi ọlọ́jà, kó tó bi í léye owó. Síkì eré ọ̀nà jíjìn, irú ti Ikpefan, kì í sábà ju nǹkan bíi 45 lọ. Síkì àwọn tó ń sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tí wọ́n ń yí gba àárín òpó, irú ti Tchibozo, máa ń wà ní nǹkan bíi 65 sí 70. Èyí tí wọ́n ń tà fún ẹni tó fẹ́ ra ẹyọ kan ṣoṣo, tí yóò fi máa rìn lórí gbogbo oríṣi yìnyín, ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 85, àwọn tí wọ́n kà sí gbígbòòrò nínú wọn sì ń lọ láti 95 títí dé nǹkan bíi 108.

Kí wá ni mìlímítà díẹ̀ yìí ń ṣe? Ẹni tó bá ti gba àdúgbò tí wọn kò da ọ̀dà sí kọjá l'Apẹtẹ tàbí l'Awotan lásìkò òjò ti mọ ìdáhùn náà ní ìlàjì: bàtà á rì sínú ẹrẹ̀ níbi tí pákó tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ kò ti ní rì. Ìwúwo ẹni tó ń kọjá kò dín kù, ilẹ̀ tó pín ìwúwo náà mọ́ra ló pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ẹnì kan wọn kílò 80. Àtẹ́lẹ̀ bàtà rẹ̀ méjèèjì lápapọ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 500 lọ. Kílò kan nínú ara rẹ̀ yóò wá rí nǹkan bíi mẹ́fà péré jókòó lé. Bó bá gun síkì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 180, tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 100, tí a sì ka imú àti ìdí tó fẹ̀ mọ́ ọn, àyè tó ń gbé e di nǹkan bíi 4,000. Kílò kan ti rí 50 jókòó lé nìyẹn. Síkì tóóró ti àwọn asáré kò lè fún un ju nǹkan bíi 35 lọ. Yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ láti ojú ọ̀run, tí kò gba omi sára, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ atẹ́gùn tán: bí a bá rọ ọ́ kún àpótí tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní fífẹ̀, mítà kan ní gíga, ó lè má ju kílò 50 sí 100 lọ, bẹ́ẹ̀ omi inú àpótí kan náà jẹ́ 1,000. Nínú irú nǹkan fúlẹ́fúlẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ àárín 35 àti 50 tó láti mọ ẹni tó máa léfòó àti ẹni tó máa rì dé orúnkún. Eré sísá náà ń ran èèyàn lọ́wọ́, torí imú síkì tó gbé sókè ń ti yìnyín sísàlẹ̀, yìnyín náà sì ń tì í padà sókè. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó dúró sójú kan fi ń rì ju ẹni tó ń lọ.

Ó pẹ́ kí àwọn tó ń ṣe síkì tó gbà pé bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Títí di ìparí àwọn ọdún 1980, síkì tó gùn ju mítà méjì lọ, tó sì tóóró, ni àwọn akọni ń gùn. Rupert Huber, tó ń bá ilé iṣẹ́ Atomic ti Ọ́síríà ṣiṣẹ́, ló fi ayùn la pákó snowboard sí méjì ní nǹkan bí ọdún 1988, tó sọ ìlàjì kọ̀ọ̀kan di síkì. Ohun tó jáde láti ibẹ̀ ni Powder Plus, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Fat Boy. Àwọn ọ̀dọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní síkì àwọn arúgbó ni. Kò sì jìnnà sóòótọ́: àwọn àgbà olówó tí hẹlikópítà ń gbé lọ sórí òkè ní Kánádà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbádùn rẹ̀, torí kò jẹ́ kó tètè rẹ̀ wọ́n.

Ẹni tó wá gbé ọ̀rọ̀ náà dé góńgó ni Shane McConkey, ẹni tí wọ́n bí ní Kánádà tó sì dàgbà ní Amẹ́ríkà. Àlàyé tirẹ̀ ni pé yìnyín rírọ̀ jọ omi ju bó ṣe jọ ilẹ̀ lọ, nítorí náà síkì tí wọ́n fi ń sáré lórí omi ló yẹ ká wò ṣe àwòkọ. Ó de bàtà mọ́ síkì omi, ó sì fi í sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ní Alaska. Lọ́dún 2002 ilé iṣẹ́ Volant gbé Spatula jáde fún un: àárín rẹ̀ ló fẹ̀ jù, imú àti ìdí rẹ̀ tóóró, méjèèjì sì tẹ̀ sókè. Lórí ilẹ̀ líle, òfo ni. Nínú yìnyín jíjìn, kò sí ohun tó dà bí i rẹ̀ nígbà náà. Ohun tí wọ́n ń tà lónìí gẹ́gẹ́ bíi síkì gbogbo òkè jẹ́ àdàlú èrò McConkey àti ti àtijọ́: imú tẹ̀ sókè kó lè léfòó, àárín sì ga díẹ̀ kúrò nílẹ̀, kó lè jẹ́ pé bí èèyàn bá gùn ún, gbogbo etí rẹ̀ á tẹ ilẹ̀ mú.

Bí fífẹ̀ bá dára tó báyìí, kí ló dé tí Tchibozo kò fi gun 108 ní ìdíje? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Wọ́n rò pé tóóró ni ti ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn, fífẹ̀ ni ti ọ̀lẹ. Ọ̀rọ̀ náà kò kan mímọ̀-ọ́n-gùn. Ọ̀rọ̀ ibi tí irin wà ni. Irin tín-ín-rín tó mú wà ní etí síkì lápá méjèèjì, òun ló ń já yìnyín líle kí èèyàn má bàa yọ̀. Iwájú àtẹ́lẹ̀ bàtà síkì fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 69. Lórí síkì oní-66, irin náà wà lábẹ́ etí bàtà gan-an. Lórí síkì oní-100, ó ti yọ síta ní nǹkan bíi mìlímítà 15. Nínú yìnyín rírọ̀ ìyẹn kò ṣe nǹkan kan, torí gbogbo abẹ́ síkì ni yìnyín ń gbé. Àmọ́ lórí yìnyín tó ti le bí àpáta, irin etí nìkan ló ń kan ilẹ̀. Ilẹ̀ ń ti síkì sókè láti ẹ̀gbẹ́, ìwúwo ẹni sì ń bọ̀ láti àárín. Agbára méjì tí kò pàdé lójú kan yìí fẹ́ yí síkì padà sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ọrùn ẹsẹ̀ àti orúnkún ló gbọ́dọ̀ kọ̀ fún un, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí èèyàn bá yí. Síkì tó fẹ̀ tún máa ń pẹ́ kó tó kúrò lórí etí kan bọ́ sórí ìkejì. Asáré tí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá lè gba àmì ẹ̀yẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè fara mọ́ ìyẹn.

Àwọn onímọ̀ kan ní Slovenia tẹ ìwádìí jáde lọ́dún 2015 lórí bí ìbàdí síkì ṣe ń kan orúnkún. Wọ́n rí i pé bí ìbàdí bá ṣe fẹ̀ sí náà ni ìṣesí orúnkún ń yí padà nígbà tí èèyàn bá ń yí lórí yìnyín líle. Láti ibẹ̀ dé sísọ pé síkì tó fẹ̀ ń ba orúnkún jẹ́ ṣì jìn. Síbẹ̀, ó ṣòro kéèyàn ka irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kó tún máa gba ẹni ogójì ọdún nímọ̀ràn pé kó ra 108 tó bá jẹ́ pé lórí ilẹ̀ líle ni yóò ti máa lò ó.

Ibi téèyàn ń gbé ló wá kù. Ọmọ Ìbàdàn tó fi Toronto ṣe ilé, tó ń lọ sí Blue Mountain lópin ọ̀sẹ̀, yìnyín tí ẹ̀rọ ń tú jáde tó sì ń le lóru ni yóò máa bá pàdé jù. 85 sí 90 tó o. Èyí tó wà ní Calgary, tí Lake Louise àti Sunshine kò jìnnà sí, lè rí yìnyín rírọ̀ láàárọ̀, kó rí líle lọ́sàn-án, kó sì rí omi-n-omi nígbà tí oòrùn oṣù Kẹrin bá yọ. Ẹni yìí ni wọ́n ṣe 95 sí 100 fún. Ó dà bí ẹni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ra èyí tó fẹ̀ ju ohun tí wọ́n nílò lọ, torí ọjọ́ kan ṣoṣo tí yìnyín jìn lọ́dún ló máa ń wà nínú fọ́tò. Kwame Nkrumah-Acheampong, tó ṣojú Ghana ní Vancouver lọ́dún 2010, inú ilé ńlá kan ní Milton Keynes, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ti kọ́ síkì, lórí yìnyín àtọwọ́dá lábẹ́ òrùlé. Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ fi 108 ṣe?

Ríra kọ́ ló parí rẹ̀. Síkì tuntun sábà máa ń dé láìsí ihò kankan lára. Wọ́n gbọ́dọ̀ lu ihò sí i, kí wọ́n sì fi sukúrù de ohun tó ń gbá bàtà mú mọ́ ọn. Ìdè yìí kì í ṣe fún dídè nìkan. Hjalmar Hvam, ọmọ Norway tó fi Portland ní Amẹ́ríkà ṣe ilé, ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ lọ́dún 1937, ó sì fi àkókò tó wà ní ọsibítù ronú ìdè tó máa já nígbà téèyàn bá ṣubú. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ìdè ti di méjì: kó di bàtà mú, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kó jù ú sílẹ̀. Nọ́ńbà kékeré tó wà lójú ìdè ń sọ agbára tó máa já a. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń fi nọ́ńbà gíga yangàn bí ẹni pé òun ni ìwọ̀n agbára wọn. Bẹ́ẹ̀, ìwúwo, gíga, ọjọ́ orí, gígùn àtẹ́lẹ̀ bàtà àti irú eré tí èèyàn ń sá ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìlànà àgbáyé ISO 11088 ṣe là á kalẹ̀. Ẹni tó bá ti pé àádọ́ta ọdún, wọ́n ń dín tirẹ̀ kù. McConkey fúnra rẹ̀ kú lọ́dún 2009 nígbà tó gun síkì fò láti orí òkè kan ní Dolomites, ọ̀wọ́ àwọn òkè tí ìlú Cortina náà wà, tí síkì kò sì já kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ kó tó ṣí páráṣúùtì rẹ̀. Ìdè tó dáa sì ní ààlà tirẹ̀. Àwọn olùwádìí tó ti ń ka ìpalára àwọn tó ń gun síkì ní Vermont láti ọdún 1972 rí i pé eegun ojúgun tó ń kán dín kù gidigidi bí ìdè ṣe ń dára sí i. Iṣan inú orúnkún kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Síkì tó fẹ̀ tún ní wàhálà tirẹ̀ lórí tábìlì oníṣẹ́. Apá bíréèkì ìdè gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ìbàdí lọ díẹ̀, tó bá sì fi ju nǹkan bíi mìlímítà 15 lọ, yóò máa wọ́ nínú yìnyín. Ẹnu dírílì tí wọ́n ń lò fún síkì onígi jẹ́ 3.5, èyí tó ní irin pẹlẹbẹ nínú ń gba 4.1, ihò náà kò sì gbọdọ̀ jìn ju nǹkan bíi mìlímítà mẹ́sàn-án lọ. Wọ́n á kán gọ́ọ̀mù sínú rẹ̀ kí omi má bàa wọlé kó sì jẹ igi. Bí ihò bá ṣì, èyí tuntun kò gbọdọ̀ sún mọ́ ti àtijọ́ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra àlòkù kọ́kọ́ ka iye ìgbà tí wọ́n ti lù ú.

Ojú ibo wá ni bàtà yóò dúró sí? Ilé iṣẹ́ ti fa ìlà kan sára síkì, ìlà kan sì wà ní àárín àtẹ́lẹ̀ bàtà. Wọ́n ń mú méjèèjì bára dọ́gba ni. Lórí ọ̀pọ̀ síkì gbogbo òkè, ìlà yìí wà lẹ́yìn àárín gbùngbùn pákó, kí imú lè gùn tó láti léfòó. Bí a bá sún un síwájú, síkì á tètè yí. Bí a bá fà á sẹ́yìn, imú á túbọ̀ gbé sókè nínú yìnyín jíjìn. Àwọn kan ń jà lórí sẹ̀ǹtímítà kan bí ẹni ń jà lórí ààlà ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò ju pé "bó ṣe rí lẹ́sẹ̀ mi nìyí" lọ. Ìlà ilé iṣẹ́ ló jọ pé ó bọ́gbọ́n mu jù fún ẹni tó ń ra àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ lè kọ́kọ́ yá irú síkì kan náà fún ọjọ́ kan, torí ìdè orí síkì tí wọ́n ń yáni máa ń ṣeé sún síwá-sẹ́yìn láìlu ihò kankan.