Ìtọ̀ Tó Ń Jò Bí A Bá Wúkọ́ Tàbí Tí A Bá Jó

Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí.

Nínú ilé Òrìṣà wa níbí ní London, àwọn àgbà obìnrin kan tí wọ́n máa ń jó títí ilẹ̀ á fi mọ́ ti ń jókòó sẹ́yìn lọ́jọ́ ọdún. Wọ́n á ní orúnkún ló ń dun àwọn. Ṣùgbọ́n bó bá ku àwa obìnrin nìkan nídìí ààrò, òótọ́ á jáde: bí ìlù bá gbóná tí wọ́n fò sókè, ìtọ̀ á jò sí aṣọ funfun. Àwọn mìíràn kì í fẹ́ kúnlẹ̀ kí àgbà mọ́ nítorí àtidìde. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe: nígbà tí mo pé ọdún 53, bí mo bá sín, tàbí tí mo gbé iṣu láti ọjà, díẹ̀ á jò.

Iṣan kan wà ní ìsàlẹ̀ ìbàdí wa, tó tẹ́ bí ẹní láti egungun iwájú dé egungun ìdí. Òun ló gbé àpò ìtọ̀, ilé ọmọ àti ìfun ró, òun náà ló sì ń bá wa fún ojú ọ̀nà ìtọ̀ pa. Ọmọ bíbí máa ń nà án. Nígbà tí nǹkan oṣù bá wá dúró, èyí tó máa ń jẹ́ ní nǹkan bí ọdún 51 fún ọ̀pọ̀ obìnrin ní Ìlú Ọba yìí, họ́mọ́nù tí wọ́n ń pè ní ẹ́sítírójìn á dínkù, ara ojú ọ̀nà ìtọ̀ á fẹ́lẹ́, á sì gbẹ. Ikọ́ kékeré á wá borí rẹ̀. Kì í ṣe èpè, Òrìṣà kankan kò sì bínú.

Mo mọ̀ pé ewé lẹ ń retí lọ́wọ́ mi. Mo júbà Ọ̀sányìn, ṣùgbọ́n n kò mọ ewé kan tó lè ṣe iṣẹ́ tí iṣan yìí gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe. Kódà irun àgbàdo tí a ń sè mu, ńṣe ló ń mú ni tọ̀ sí i. Ẹ má mu ún kí ẹ tó lọ síbi ìlù. Ẹ má sì fi òùngbẹ jìyà nítorí ọdún: ìtọ̀ tó ki máa ń ta àpò ìtọ̀, àìmumi sì ń fa ìgbẹ́ líle, bẹ́ẹ̀ ìgbìn sí ìgbẹ́ ń ba iṣan náà jẹ́.

Eré ìdárayá ni oògùn rẹ̀. Arnold Kegel, oníṣègùn obìnrin ní Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́ jáde ní 1948. Nínú ìwádìí tí àwọn Cochrane kó jọ ní 2018, bí obìnrin 56 nínú 100 tó ṣe é ló ní ìtọ̀ náà kò jò mọ́. Nínú àwọn tí kò ṣe é, 6 péré ni. Àwọn obìnrin inú rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn!

Báyìí la ṣe ń ṣe é. Ẹ jókòó tàbí kí ẹ dùbúlẹ̀. Ẹ ṣe bí ẹni tó ń pa ìsó mọ́ra, kí ẹ sì tún ṣe bí ẹni tó ń dá ìtọ̀ dúró, kí ẹ fà á sókè sínú. Ẹ máa mí. Ẹ má fún ìdí, ẹ má fún itan. Ẹ dì í mú, kí ẹ ka ení, èjì, títí dé ẹẹ́wàá. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ju ẹẹ́ta lọ, kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ tú u sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ sinmi bákan náà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹjọ, kí ẹ tún ṣe mẹ́jọ kíákíá. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni, fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Èmi máa ń ṣe tèmi lẹ́yìn tí mo bá kí Orí mi láàárọ̀, lórí bọ́ọ̀sì lọ́sàn-án, àti lórí bẹ́ẹ̀dì. Ta ni yóò mọ̀? Ẹ kàn má sọ ọ́ di àṣà láti máa dá ìtọ̀ dúró ní ilé ìyàgbẹ́, kó má baà ṣẹ́kù sínú.

Ọgbọ́n kan tún wà: ẹ fún iṣan náà kí ikọ́ tó jáde, tàbí kí ẹ tó dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ní 1998, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Michigan kọ́ àwọn obìnrin tí tiwọn kò le ní èyí, láàrin ọ̀sẹ̀ kan ohun tó ń jò bí wọ́n bá wúkọ́ ti dínkù.

Ọ̀pọ̀ ló ń ti iṣan náà sísàlẹ̀ dípò kí wọ́n fà á sókè. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí ẹ bi dókítà yín léèrè fún físíò tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ lè sọ pé obìnrin lẹ fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, bí ó bá ń ta yín, tàbí bí ẹ bá mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan ń sọ̀kalẹ̀ ní ojú ara, ẹ má dúró de oṣù mẹ́ta. Ẹ pe dókítà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.