Ọmọ Jẹ́jẹ́ Inú Ilé Ìtọ́jú

Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá ló kó èrò wá sí Ìgbẹsà, Agbára àti Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí òbí bá kú níbẹ̀, tàbí tí ilé bá tú, ìyá àgbà àti àbúrò bàbá tí ì bá gba ọmọ lè wà ní ìlú tó jìnnà réré. Ọmọ bẹ́ẹ̀ lè bọ́ sọ́wọ́ wẹ́fíà Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, kó sì ti ibẹ̀ dé ilé ìtọ́jú. Ó rọrùn fún olùbẹ̀wò láti yẹ ibùsùn àti káàdì àjẹsára wò níbẹ̀. Ọmọ tó bá sì dákẹ́, tí kì í yọni lẹ́nu, ọmọ jẹ́jẹ́ là ń pè é. Èmi ò rò pé ìdákẹ́ jẹ́ ẹ̀rí àlàáfíà. Nígbà tí àwọn olùwádìí wọ ilé ọmọ aláìlóbìí ní Bucharest, Romania, yàrá ìkókó dákẹ́ rọ́rọ́: àwọn ọmọ ti mọ̀ pé ẹkún àwọn kì í pe ẹnikẹ́ni wá. Nínú ìwádìí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 2000 lórí ọmọ 136, àwọn tí wọ́n tètè kó lọ sọ́dọ̀ ìdílé alágbàtọ́ sàn ju àwọn tó kù lọ.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn sọ di tirẹ̀ ní 2006, ní ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìlera ara àti ti ọpọlọ. Ẹnìkan lè sọ pé dókítà ọpọlọ wọ́n, àti pé alágbàtọ́ kan ṣoṣo ló ń tọ́ ọmọ rẹpẹtẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè 25 nípa ìṣesí ọmọ tí oníṣègùn ọpọlọ ọmọdé Robert Goodman gbé jáde ní 1997 kò nílò dókítà: alágbàtọ́ fúnra rẹ̀ ló ń dáhùn bóyá ọmọ ń bẹ̀rù, bóyá ó ń ṣeré pẹ̀lú ẹgbẹ́. Láti 2008 ni wọ́n ti ń lò ó lọ́dọọdún fún àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba nílẹ̀ England. (Máàkì ìbéèrè náà tí ẹnikẹ́ni ò bá tẹ̀ lé, ìwé lásán ni, níbẹ̀ àti níbí.) Nílùú Abẹ́òkúta tiwa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, ti fi hàn ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro láti 1954 pé ará abúlé lè ṣe iṣẹ́ ribiribi nínú ìwòsàn ọpọlọ bí oníṣègùn bá ń tọ́ wọn sọ́nà.

Ẹ̀rù tó wúwo jù nípa ìbéèrè yìí ni orúkọ burúkú, kí wọ́n má lọ ní orí ọmọ ti dàrú. Nítorí náà, kí ìwé ìdáhùn náà wà nínú àpótí títì, kí wọ́n má fi jẹ ọmọ níyà láé. Ẹ̀yin tí ẹ ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè àwùjọ l'Ábẹ́òkúta, ẹ fi ojú ìwé kan fún ìbéèrè yìí kún ìwé ìbẹ̀wò yín.