Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Àwọn Ará Wa Tí Ń Kọ Ìwé Ìtàn

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé títẹ̀ ní ìlú Èkó lónìí, a kò lè ṣàì dárúkọ Ṣómólú. Ẹni tí ó bá gba òpópónà Bajulaiye kọjá ní ọjọ́ iṣẹ́ yóò gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láti ojúlé dé ojúlé, yóò sì rí àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ru bébà lérí, tí wọ́n ń ti ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tẹ̀wé lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń gé e, àti láti ibẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń dì í pọ̀. Níbẹ̀ ni a ti ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ìkórè ìjọ, àti ìwé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Láàrin wọn ni a ó rí ìwé ìtàn kékeré tí Kristẹni kan fi owó ara rẹ̀ tẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irú rẹ̀ kò pọ̀ tó bí ó ti yẹ.

Nítorí irú Kristẹni bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní Ṣómólú, àti ní Bàrígà tí ó bá a pààlà, àwọn olùkọ́, akọ̀wé, nọ́ọ̀sì àti aránṣọ ń bẹ tí wọ́n ń kọ ìtàn ní òru lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Ìmọ̀ ìwé kò wọ́n ní agbègbè náà. CMS Grammar School, tí a dá sílẹ̀ ní 1859, kó wá sí Bàrígà ní 1959. Yunifásítì Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1962, sì wà ní Akọkà nítòsí wọn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò sì jìnnà sí ilé wọn. Síbẹ̀ ìtàn náà yóò dé ìdajì, ìrẹ̀wẹ̀sì yóò dé, a ó sì ti ìwé náà bọ inú àpótí. Gẹ́gẹ́ bí a ti gbọ́ lẹ́nu irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ni ó máa ń dá wọn dúró. Ẹ jẹ́ kí a gbé wọn yẹ̀wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè kínní ni èyí: Ìtàn tí ènìyàn fi inú ara rẹ̀ rò, ǹjẹ́ kì í ṣe irọ́? Ẹni tí ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ láti máa sọ òtítọ́, báwo ni yóò ṣe máa kọ nípa obìnrin tí a kò bí rí, àti nípa ìlú tí a kò tẹ̀dó rí? Ìbéèrè rere ni, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹni tí ó béèrè rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ rántí wòlíì Nátánì. Nígbà tí ọba Dáfídì ṣẹ̀, wòlíì náà kò kọ́kọ́ ka ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀. Ó sọ ìtàn ọlọ́rọ̀ kan tí ó gba àgùntàn kan ṣoṣo tí tálákà ní. Ọlọ́rọ̀ náà kò sí níbì kankan, àgùntàn náà kò sì sí. Síbẹ̀ ìtàn náà mú ọba mọ ara rẹ̀. Jótámù pẹ̀lú sọ ti àwọn igi tí wọ́n ń wá ọba. Olúwa wa pàápàá sọ ti afúnrúgbìn, ti àgùntàn tí ó nù, àti ti ọmọ onínàákúnàá, a kò sì kà á pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè orúkọ ìlú tí ọmọ náà ti wá.

Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ yìí dájú. Ẹni tí ó fẹ́ pa àlọ́ a kọ́kọ́ ké pé, "Àlọ́ o!" àwọn ọmọ a sì dáhùn pé, "Àlọ̀!" Láti ìgbà náà ni gbogbo ilé ti mọ̀ pé ìtàn ìjàpá ni ó ń bọ̀, kì í ṣe ìròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jà. Òpùrọ́ ni ẹni tí ó gbé ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kalẹ̀ bí èyí tí ó ṣẹlẹ̀, kí ó lè tan ẹnìkejì rẹ̀ jẹ. Ẹni tí ó kọ ọ́ sí iwájú ìwé rẹ̀ pé ìwé ìtàn ni, òun ti ké àlọ́ rẹ̀ tán, kò tan ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè yìí kan náà bá John Bunyan fínra ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 12 ni ó fi wà lẹ́wọ̀n, láti 1660 títí di 1672, nítorí pé ó ń wàásù láìgba àṣẹ. Nígbà tí ó kọ ìtàn èrò tí ń lọ sí ìlú ọ̀run, ó fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ní kí ó tẹ̀ ẹ́, àwọn mìíràn ní kí ó má ṣe tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan ní ó lè ṣe rere, àwọn mìíràn ní kò lè ṣe é. Nígbà tí ohùn wọn kò ṣọ̀kan, ó pinnu láti tẹ̀ ẹ́, ìwé náà sì jáde ní 1678. David Hinderer, òjíṣẹ́ CMS ní Ìbàdàn, túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa, a sì tẹ̀ ẹ́ ní 1866. Bí Bunyan bá ti fetí sí àwọn tí wọ́n ní kí ó má tẹ̀ ẹ́, àwọn ilé Kristẹni Yorùbá ìgbà náà ìbá ti pàdánù ọ̀kan nínú àwọn ìtàn gígùn tí wọ́n kọ́kọ́ kà ní èdè ara wọn.

Bí ó ti rí bẹ́ẹ̀, irọ́ kan wà tí ó lè wọ inú ìwé ìtàn, ọ̀dọ̀ àwa onígbàgbọ́ ni ó sì ti máa ń wọ́pọ̀. Òun ni kí ẹlẹ́ṣẹ̀ máa ṣubú lulẹ̀ ní kété tí ó bá ṣẹ̀, kí olódodo má sì rí àìsàn tàbí gbèsè láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé òpin rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ayé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé Jóòbù sì wà nínú Bíbélì láti jẹ́rìí sí i. Ẹ wo ohun tí I. B. Thomas ṣe ní Èkó. Láti 1929 dé 1930 ni ó ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Obìnrin tí ó ti fi ayé rẹ̀ ṣòfò ni ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ rò ó: ó ń sunkún, ó ń ronú pìwà dà, ṣùgbọ́n adùn ìgbà èwe rẹ̀ kò tán lẹ́nu rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn òǹkàwé gbà pé ó wà láàyè, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà nítorí rẹ̀. Àwa kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi ìtàn pamọ́ bí ìròyìn bí wọ́n ti ṣe nígbà náà. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé ẹ̀kọ́ ìwé náà wà nínú ìgbésí ayé obìnrin náà, òǹkọ̀wé kò sì dá ìtàn dúró kí ó tó lè wàásù.

Ìbéèrè kejì ni èyí: Ta ni èmi, tí èmi yóò fi kọ̀wé? Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Àwọn tí wọ́n kà ju mí lọ yóò fi mí ṣẹ̀sín. Ẹni tí ó bá ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀, kí ó gbọ́ ìtàn Amos Tutuola. Ní Abẹ́òkúta ni a bí i ní 1920, ilé Kristẹni ni a sì ti tọ́ ọ. Ìgbà tí baba rẹ̀ kú ní 1939 ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ dópin. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì fi iṣẹ́ náà sin ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú ti Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun àgbáyé kejì. Lẹ́yìn ogun, ìránṣẹ́ ni ó jẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba tí ń bójú tó ọ̀ràn àwọn òṣìṣẹ́ ní Èkó. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ kún fún ìjókòó, kí a máa retí ìgbà tí ọ̀gá yóò pè. Nínú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń kọ ìtàn sórí bébà.

Ó rí ìpolówó ẹgbẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ń tẹ ìwé àwọn Kristẹni, ó sì fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ nù, wọ́n gbé e fún ilé-iṣẹ́ Faber and Faber. Ní 1952 ni ó jáde pẹ̀lú orúkọ The Palm-Wine Drinkard. Dylan Thomas, akéwì ọmọ ilẹ̀ Wales, yìn ín nínú ìwé ìròyìn Observer. Nílé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé wa ni ojú tì. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò pé, wọ́n ní yóò mú kí àwọn òyìnbó máa fi wá rẹ́rìn-ín. Tutuola kò fi kálàmù sílẹ̀. Ní 1953 a túmọ̀ ìwé náà sí èdè Faransé. Ní 1954 ìwé mìíràn jáde láti ọwọ́ rẹ̀. Ní 1963 Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ti àkọ́kọ́ di eré orí ìtàgé ní èdè Yorùbá. Títí ó fi kú ní 1997, òǹkọ̀wé ni a mọ̀ ọ́n sí. Ohùn Yorùbá tí ń dún lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, èyí tí àwọn ará ilé ń tijú rẹ̀, ni adùn tí àwọn ará òde rí níbẹ̀.

Ìbéèrè kẹta ni ti owó àti ti òǹkàwé: Ta ni yóò rà á? Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi àdúrà nìkan dáhùn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a sọ bí iṣẹ́ náà ti rí. Lórí ẹ̀rọ ńlá, owó pléètì àti ti ìmúra ẹ̀rọ kò yàtọ̀, ì báà ṣe 100 ìwé ni a fẹ́ tẹ̀, ì báà ṣe 1,000. Nítorí náà bí ìwé ti ń pọ̀ sí i ni iye owó ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń dínkù, ìdí nìyí tí òǹkọ̀wé tuntun fi ń tẹ púpọ̀ tí yóò sì kó wọn sábẹ́ ibùsùn. Ẹ̀rọ tí ń tẹ̀wé tààrà láti inú kọ̀ǹpútà kò béèrè pléètì. Owó ẹyọ kan lórí rẹ̀ ga díẹ̀, ṣùgbọ́n a lè tẹ ìwọ̀nba tí a mọ̀ pé a lè tà. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba. Kí ẹ gba nọ́ńbà ISBN ní Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ ti Nàìjíríà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà mẹ́ta síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin 1970 ti wí, kí ẹni tí ń wá a lẹ́yìn ọ̀la lè rí i.

Nítorí pé ọjọ́ tí ìwé yóò bá òǹkàwé rẹ̀ pàdé kò sí lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́. D. O. Fágúnwà jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ nígbà tí ó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ fún ìdíje kan ní 1936. Ilé-ìtàwé CMS tẹ̀ ẹ́ ní 1938. Ó kú sínú odò ní 1963. Ní 1968, lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ni Wọlé Ṣóyínká tú ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá fi lè kà á. Fágúnwà kò rí ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ti parí iṣẹ́ tirẹ̀.

Ṣé ohun tí a ń wí ni pé kí òǹkọ̀wé má gba ìbáwí? Rárá o. A kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ìwé tí kò gún ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé, kí ó wá máa fi Tutuola gbèjà ara rẹ̀. Ẹ fi ìwé yín han ẹni tí ó mọ àmì ohùn àti ìlànà àkọtọ́. Bí ìtàn bá dé ilé ìwòsàn, ẹ fi han nọ́ọ̀sì. Bí ó bá dé ọjà, ẹ fi han ìyá ọlọ́jà. Ẹ kà á sókè fún ọmọ ọdún méjìlá, kí ẹ sì wo ibi tí ó ti ń yán. Ọ̀nà kan wà tí a fi ń mọ ẹlẹ́gàn yàtọ̀ sí ẹni tí ń tọ́ ni: ẹlẹ́gàn a máa sọ̀rọ̀ nípa òǹkọ̀wé, ẹni tí ń tọ́ ni a máa fi ìka sí ojú ìwé. Kí ẹ gbọ́ ti ẹnìkejì dáadáa, bí ó tilẹ̀ korò. Kí ẹ jẹ́ kí ti ẹni àkọ́kọ́ kọjá lọ.

Ọ̀rọ̀ kù fún àwọn ilé wa. Ẹ̀yin baba àti ìyá, ẹ̀ ń ráhùn pé àwọn ọmọ kò lè ka Yorùbá mọ́, ṣùgbọ́n ìwé ìtàn Yorùbá mélòó ni ó wà lórí tábìlì yín? Bí arákùnrin tàbí arábìnrin kan nínú ìjọ bá kọ ọ̀kan, ẹ má ṣe tọrọ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ rà á, ẹ kà á fún àwọn ọmọ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí ẹ sì sọ fún òǹkọ̀wé ibi tí ó dùn mọ́ yín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ ti mú kí ẹlòmíràn gbé kálàmù rẹ̀ padà.

Àti ẹ̀yin òǹkọ̀wé, a kò fi yín ṣe adájọ́ iṣẹ́ ara yín. Ohun tí a fi lé yín lọ́wọ́ ni kí ẹ kọ ọ́ ní òtítọ́, kí ẹ jẹ́ kí a tọ́ ọ, kí ẹ sì parí rẹ̀. Bí ìwé kan bá wà nínú àpótí yín tí ó dé ìdajì, ẹ mú un jáde lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ kọ ojú ewé kan kún un. Kí Ọlọ́run tí ó fún yín ní ìtàn náà fún yín ní agbára láti sọ ọ́ dé òpin.