Ìtọ́jú Ọwọ́ Ẹni tí Ń Ta Agídìgbo

Ohùn agídìgbo a máa dùn létí, ṣùgbọ́n àwọn irin rẹ̀ a máa dun àtàǹpàkò ẹni tí ń ta á. Ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń fa ìpalára yìí. Ìtọ́jú wọn kò sì rí bákan náà, nítorí náà ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ èyí tí í ṣe.

Èkínní ni ìfaragbo. Bí ọwọ́ tí kò tí ì mọ́ iṣẹ́ náà bá ta irin pẹ́, ìléròrò a yọ ní ọjọ́ náà gan-an. Kí a má ṣe bẹ́ ẹ; kí a sinmi títí yóò fi san. Lẹ́yìn èyí, kí a máa ta á níwọ̀nba lójoojúmọ́ títí awọ yóò fi yi. Kí a sì fi fáìlì rẹ́ etí irin tí ó bá mú.

Èkejì ni ọgbẹ́. Òógùn a máa mú kí irin dípẹtà, kí ojú rẹ̀ sì rí págunpàgun. Kí a fi sáńpépà ha ìpẹtà kúrò, kí a sì máa nu irin gbẹ lẹ́yìn orin. Bí irin bá ge ènìyàn, kí ó fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ ojú ọgbẹ́, kí ó sì béèrè ní ilé ìwòsàn bóyá ó yẹ kí ó gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tí í máa di eyín mọ́ eyín, tí ó sì lè pani. Inú ilẹ̀ ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé. Kí àgbẹ̀ má ṣe fojú kékeré wo ọgbẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni níkẹ́ẹ̀lì, irin funfun tí a fi ń bo irin mìíràn kí ó lè máa dán. Òógùn a máa yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ sí ara awọ. Àmì rẹ̀ ni pé ọwọ́ a máa yún, a sì máa sú wẹ́wẹ́, nígbà púpọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ẹni tí yẹtí olówó pọ́ọ́kú máa ń mú kí etí rẹ̀ yún, kí ó ṣọ́ra.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: wọ́n rò pé bí àwọn bá forí tì í, ọwọ́ yóò mọ́ ọn lára gẹ́gẹ́ bí ó ti rí pẹ̀lú ìléròrò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara tí ó bá ti kọ níkẹ́ẹ̀lì sábà máa ń kọ̀ ọ́ títí ayé, ìforítì a sì máa dá kún ìyọnu náà. Kí onítọ̀hún jáwọ́, kí ó sì jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ fi irin lásán tí a kò fi níkẹ́ẹ̀lì bò pààrọ̀ àwọn ti àtijọ́. Bí ọwọ́ bá wú tàbí tí ó ṣe ọyún, kí ó lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà.